Àpò Ilẹ̀dú àti Imú Màmá Àgbà

Ìjọ ní kí n kọ ojú ewé kan nípa Màmá Àgbà, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí ọdún kan tí Màmá ti kú. Ojú ewé kan ò gbà mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì tijú rẹ̀, nítorí àwọn tó kàwé jù mí lọ fíìfíì ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa muletto, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù sókè ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí wa, ní Settimo nílẹ̀ Ítálì. Mo lè gbé ẹrù tó tó ilé kan kí ẹ má gbọ́ ìró rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe máa kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gírámà, kó lọ bá tíṣà.

Mi ò ní kọ ọdún tí wọ́n bí wọn, mi ò ní ka ọmọ tí wọ́n bí. Ìyẹn ti wà lára òkúta orí ibojì. Imú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Màmá Àgbà, Àbẹ̀ní ọmọ àgbẹ̀ ará Ìsẹ́yìn, ìyá tó bí ìyá mi, ní imú tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Nichelino tí à ń gbé. Wọ́n á gbóòórùn ẹja kí wọ́n tó rà á, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ wọ́n á tún gbóòórùn ilẹ̀. Ìyá mi ló mú wọn wá sí Ítálì. Nígbà tí ìyá mi kú, wọn ò padà sílé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kó wá. Comune, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, fún wọn ní orto kan, ilẹ̀ kékeré tí wọ́n máa ń pín fún àwọn àgbàlagbà lẹ́bàá odò, pẹ̀lú ahéré onípákó kan láàárín rẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, tó bá ti lẹ̀ mọ́ bàtà, ó di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ra ilẹ̀dú inú àpò, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní terriccio, kí irúgbìn wọn lè rí ibi tó rọ̀ hù sí.

Ẹni tó bá bá wọn lọ ra ilẹ̀dú ti wọ gàù. Ìta gbangba ni àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń to àpò náà sí, òjò a máa rọ̀ lé e. Gbogbo àpò yẹn ló ní ihò tín-ín-tìn-ìn bí ojú abẹ́rẹ́, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ lè mí. Ibi tí èémí ń gbà jáde ni omi ń gbà wọlé. Tí òjò bá ń rọ̀, Màmá ò ní lọ. Tí òjò bá dá, wọn ò tún ní lọ, ó di lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Tí a bá wá débẹ̀, wọn ò ní mú ti òkè, nítorí òjò ti lù ú. Wọn ò ní mú ti ìsàlẹ̀, nítorí inú ọ̀gọ̀dọ̀ omi ló jókòó sí. Ti àárín ni wọ́n ń fẹ́, èmi ni mo sì máa ń gbé ti òkè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á di etí àpò méjèèjì mú, wọ́n á gbé e díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ ikùn rẹ̀. Tí omi bá yọ lójú ihò bí òógùn, wọ́n ti fi í sílẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá yọ, wọ́n á wá fi imú sí i.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé wá bá wa. Ó ní, "Signora, sono tutti uguali." Pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Màmá fi Yorùbá dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé ẹ dọ́gba?" Wọ́n yíjú sí mi. "Túmọ̀ rẹ̀ fún un."

Mo sọ fún ọmọ náà pé wọ́n ń kí i ni. Nínú ọkọ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n wò mí títí a fi dé iná pupa. Wọ́n ní, "Ẹni tó ra ilẹ̀ nínú òjò, omi ló rà. Omi nìkan ò sì hu nǹkan kan rí."

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ náà nìyẹn. Mo máa ń mú bancale wá fún wọn láti ibi iṣẹ́, pákó tí a ń to ẹrù lé, wọ́n á sì to àpò lé e kí ó má baà fara kan ilẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fara kan ògiri ahéré, ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín. Wọ́n á fi tapólì bo orí rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu. Àpò tí wọ́n bá ti ṣí, wọ́n á ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á gbé òkúta lé e.

Ibẹ̀ la ti máa ń jà. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo mọ ẹrù. Ní ibi iṣẹ́ wa, a máa ń fi pellicola wé e láti orí dé ẹsẹ̀ ni, ọ̀rá tó ń fà bí ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ lè jù ú sínú odò, omi ò ní wọ̀ ọ́."

Wọ́n ní, "Kí lẹ máa ń wé?"

"Táyà. Bàtà. Àwo."

"Ṣé bàtà ń mí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹrù tìrẹ kì í mí, Káyọ̀dé. Tèmi ń mí. Bo orí rẹ̀, má bo imú rẹ̀."

Wọn kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ yẹn nítorí pé wọ́n ti kú. Wọ́n bá ìyàwó mi jà nítorí bálíkónì, tí wọ́n fi ike irúgbìn kún títí a ò fi ríbi sá aṣọ. Wọ́n bá pásítọ̀ jà lórí adùn tó wà nínú tíì. Ọmọ mi Ìfẹ́, tí kì í fi Yorùbá dáhùn, rí wọn tí wọ́n ń fọwọ́ po ilẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó ní, "Nonna, che schifo," pé ìríra gbáà ni. Màmá mọ ìyẹn, wọ́n mọ gbogbo èébú èdè náà kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi. Wọ́n fa ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n da ilẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á dé. Wọ́n ní, "Oúnjẹ àárọ̀ rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Kò tíì jinná ni."

Wọ́n sì bá èmi náà jà, lórí ẹ̀rí. Gbogbo ìjọ mọ̀ mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde, èmi ni mo ń ṣáájú. Mo jẹ́rìí nígbà tí wọ́n fún mi ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí kò lópin. Mo jẹ́rìí nígbà tí mo ra ọkọ̀. Mo jẹ́rìí nígbà tí mo tún un kùn. Mi ò tọrọ àforíjì fún un, Ọlọ́run ló ṣe é, ẹnu mi ló sì fún láti fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí ọ̀dà ọkọ̀ yẹn, bí mo ṣe padà síbi ìjókòó mi, Màmá tẹ̀ sí mi létí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, Ọlọ́run ti gbọ́ nípa ọkọ̀ rẹ. Ó ń retí òmíràn."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ṣọkọ.

Inú agolo mílíìkì kan ni irúgbìn ṣọkọ wọn wà, tí wọ́n so sí etí gèlè àtijọ́ kan. Dúdú ni, ó ń dán, ó kéré ju ojú èèrà lọ. Ìyá wọn ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ fẹ̀, kì í yọ́ nínú ọbẹ̀. A ti ra irúgbìn ṣọkọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa ní Torino, ó hù, a jẹ ẹ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Oko tí tiwọn ti wá ti di ilé epo. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Àjíǹde, Màmá á gbé ike wá sí ìjọ, wọ́n á pín ọ̀gbìn mẹ́ta mẹ́ta fún àwọn ìyá láti gbìn sí bálíkónì. Wọ́n á kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ kó gbó, kó lè so." Ta ló fi sílẹ̀? Gbogbo yín lẹ jẹ ẹ́ tán títí dé igi. Ìyá Dúpẹ́ nínú yín ní, "Tí tèmi bá ń dùn, ta ló máa dúró dè é?" Nítorí náà, ìdí kan ṣoṣo ni ṣọkọ yẹn fi wà láyé: Màmá Àgbà.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ńlá yẹn dé, èyí tó ti gbogbo ayé mọ́lé. Ó mú gbogbo wa nílé, ó sì fi wá sílẹ̀. Lọ́dọ̀ Màmá nìkan ló ti mú nǹkan lọ. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn ní ilé ìdáná, wọ́n gbé ike kọfí síwájú imú, wọ́n ń fà á sínú, wọ́n ń fà á sínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí omijé wọn, kódà wọn ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú. Wọ́n ní, "Imú mi ti ṣáájú mi lọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di imú wọn. Ẹja, epo, àpò ilẹ̀dú, èmi ni wọ́n ń pè. "Káyọ̀dé, bá mi gbóòórùn rẹ̀." Inú mi dùn sí i. Mo ń sọ ọ́ káàkiri ibi iṣẹ́ pé èmi ni imú ìyá mi àgbà.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n lọ, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè dé orto. Òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, irú òjò Torino tí kì í pariwo, tó kàn ń rin nǹkan. Wọ́n ní, "Má tíì ra ilẹ̀dú. Dúró kó dá." Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo rí bancale kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ogún àpò, wọ́n kọ offerta, ẹ̀dínwó, sí i gàdàgbà. Òjò ń rọ̀ lé e bí mo ṣe ń wò ó. Mo ní nínú ara mi pé kí ni obìnrin arúgbó mọ̀ nípa ẹrù tí èmi ò mọ̀. Mo yá ọkọ̀ ẹrù ọ̀rẹ́ mi kan, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ahéré. Àpò kọ̀ọ̀kan wúwo bí òkú ewúrẹ́, omi ń kán lára rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tò ó, mo sì mú pellicola dúdú tí mo gbé láti ibi iṣẹ́, mo wé e láti ìsàlẹ̀ dókè, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó dán. Ó le. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Màmá ní, "Ṣé ó gbẹ?"

Mo ní, "Ó gbẹ. Mo ti dì í, Màmá. Omi ò lè wọlé."

Òótọ́ ni. Omi ò lè wọlé. Èyí tó ti wà nínú rẹ̀ náà ò sì lè jáde.

Òtútù lọ, àsìkò irúgbìn dé, orúnkún ò tíì san. Wọ́n ní kí n lọ rọ ilẹ̀dú sínú ike méjì wá. Mo fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òórùn tó jáde lé mi sẹ́yìn. Ó ń rùn bí gọ́tà, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ilẹ̀ náà ti dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Mo dúró níbẹ̀. Mo lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo lè ra àpò kan ṣoṣo tó gbẹ, kì bá gbà ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ní láti sọ ìdí tí mo fi rà á. Mo rọ ilẹ̀ náà sínú ike méjì, mo sá a sóòrùn díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè gbẹ, mo gbé e lọ sílé.

Wọ́n jókòó sí bálíkónì, agolo mílíìkì wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fi ìka kan ojú ilẹ̀ náà. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, báwo ló ṣe ń rùn?"

Mo ní, "Ó ń rùn bí ilẹ̀, Màmá."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n tú gèlè náà. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìgbà yẹn tutù, ṣọkọ ò so dáadáa, irúgbìn inú agolo ti pẹ́, ó sì kù díẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìlàjì sílẹ̀. Ẹ gbọ́, mo sọ ìyẹn. Ẹnu mi gbé e débẹ̀, kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Irúgbìn tó ti darúgbó, a kì í pín in sí méjì. Kó lọ pa pọ̀." Wọ́n sì gbọn gbogbo rẹ̀ sínú ike méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ kan, kò hù. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin bẹ́ẹ̀ yọ orí, wọ́n pọ́n, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta Màmá ní kí n gbé àwọn lọ sí orto. Mo ní, "Orúnkún yín ńkọ́?" Wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n fi ọ̀pá wọ ahéré, wọ́n rí bancale náà, ọ̀rá dúdú tí mo ya ń gbọ̀n nínú atẹ́gùn. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú àpò kan dé ìgúnpá. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, omi ń ro lára rẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n nu ọwọ́ sí yẹ̀rì. Wọ́n ní, "O wé e bí òkú."



Lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn ìyá yí wọn ká nínú ìjọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n mú ike òfìfo lọ́wọ́. Ìyá Dúpẹ́ ní, "Màmá, ọ̀gbìn wa dà?" Èmi jókòó sí àga kejì sí wọn, mo ń mu máálìtì. Màmá ní, "Kò sí mọ́. Èmi ni mo ra ilẹ̀dú nínú òjò, ó sì bà á jẹ́. Irúgbìn náà ti tán."

Ìyá Dúpẹ́ ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa?"

"Èmi ni."

"Áà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Àgbà ti dé nìyẹn. Ẹ sinmi o jàre."

Mo gbé máálìtì mi mu tán. Ẹni tó ń jẹ́rìí ọ̀dà ọkọ̀, mi ò rí ẹnu. Nínú ọkọ̀ mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Orúkọ tèmi ti gbó, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan. Tìrẹ ni mi ò fẹ́ kí òjò pa."

Ṣùgbọ́n òjò náà ṣe tiwọn ní nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún pè wọ́n lọ yan ilẹ̀dú. Nígbà tí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Padova béèrè ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀gbìn, mo gbọ́ tí Ìyá Dúpẹ́ ní, "Má wulẹ̀ da Màmá láàmú, ogbó ti ń ṣe wọ́n." Màmá wà nítòsí. Etí wọn ò bá imú wọn kú. Wọ́n kàn ń tún ìró wọn ró.

Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde, Màmá á yí orí, wọ́n á wò mí. Wọn ò fajú ro. Bí ènìyàn ṣe ń wo ike irúgbìn láàárọ̀ ni. Èmi á mú fóònù, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ rò pé ara mi ò yá ni, pé Bọ̀dá Káyọ̀dé ò jẹ́rìí mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí òtútù fi dé, tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọ́n lọ.

Nítorí náà, Ìyá Dúpẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí nínú ìjọ, ẹ̀rí mi rèé. Kì í ṣe Màmá ló ra ilẹ̀dú nínú òjò. Wọn ò rà á nínú òjò rí. Èmi Káyọ̀dé ni mo rà á, èmi ni mo wé e, èmi ni mo gbóòórùn rẹ̀ tí mo sì parọ́ fún ẹni tí kò ní imú. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe títí ọjọ́ ikú wọn. Ẹ kọ ìyẹn sí abẹ́ fọ́tò wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, comune ní kí n kó ẹrù wọn jáde, kí n dá kọ́kọ́rọ́ orto padà. Nígbà tí mo kó àwọn àpò tèmi jáde tán, mo rí tapólì kan ní igun tí wọ́n ti dí. Àpò kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, lórí pákó tirẹ̀, kò fara kan ògiri. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí orúnkún tó dá wọn dúró, tí wọ́n fi carrello, kẹ̀kẹ́ afàlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń lọ ọjà, wọ́ ọ wá nínú bọ́ọ̀sì. Bóyá wọ́n fi í sílẹ̀ dè mí ni, bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀, mi ò mọ̀. Mo ya ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ inú rẹ̀ fúyẹ́, ó ń dà lọ́wọ́ bí gaàrí. Mi ò ní irúgbìn kankan tí mo fẹ́ gbìn sínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ti imú mi bọ inú àpò náà.

Mo sọ ọ́ sókè nínú ahéré òfìfo yẹn: "Ó gbẹ, Màmá. Ó ń rùn bí ilẹ̀."